Ìwé Tí Lọ́yà Ní Kí N Fọwọ́ Sí Lórí Ilé Tuntun Rẹ

Ilé Bánkọ́lé Káfíńtà,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Erio-Èkìtì.
Ọjọ́rú, nínú oṣù Òkúdù.

Fọlákẹ́mi ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, mo kí ọ kú àìsùn, mo kí ọ kú oòrùn Àbújá tí wọ́n ní ó ń bọ́ awọ lára ènìyàn. Mo kí Ìbùkún ọmọ rẹ pẹ̀lú. Bí o bá ń bèèrè wa, a wà láàyè, a ń jẹ, a sì ń sùn, orúnkún mi ọ̀tún nìkan ni kò gbà láti bá wa ṣe é. Ọlọ́run tó gbé ọ ró láti ìgbà tí Babátúndé ọkọ rẹ ti kú kò ní já ọwọ́ rẹ sílẹ̀ lágbedeméjì ọ̀nà. Àmín. Ìyá rẹ jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó ń bó ẹ̀gúsí, ó ní kí n má jẹ́ kó gùn jù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ojú ìwé kan lè gbà.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Òjò ọdún yìí pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n nígbà tó dé kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, ó ti wó ògiri ẹ̀yìn ilé Bàbá Ìjọ, àgbàdo sì ń ṣe dáadáa. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí mẹ́ta, méjì ló kù. Ọ̀nà Ìlogbò ti bàjẹ́ débi pé Kàsúmù onímọ́tò, ará Ìrágbìjí tó ń gbé yàrá iwájú wa láti ìgbà tí o ti wà ní pámárì, máa ń ní kí àwọn èrò rẹ̀ gbàdúrà kí wọ́n tó wọkọ̀, kì í sì í ṣe pé ó ń ṣàwàdà. Wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn tó ń tún àjà ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. N kò lè gun àkàbà mọ́, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí, tí n óò máa nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ṣe àṣìṣe.

Ní ti ilé tuntun tí o fẹ́ rà, inú mi dùn sí i. Ọdún márùn-ún, onílé mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni o sì ti kó ẹrù pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn ọ̀kadà, kò dáa kó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo ti yẹ ilé náà wò dáadáa nínú àwòrán orí fóònù bí o ṣe ní kí n ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn. Mo fi ìka kan ògiri rẹ̀ níbi mẹ́ta, ohùn kan náà ló ń fọ̀, ó ń dún bíi gíláàsì, èyí kò sì tẹ́ mi lọ́rùn rárá, nítorí ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọn kò bá ṣahun sìmẹ́ńtì sí, dídún rẹ̀ máa ń wúwo ni. Mo tún gbé fóònù náà sókè sínú oòrùn kí n lè rí igi òrùlé, mi ò rí nǹkan kan. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbà fún ọ, jẹ́ kí òjò ńlá kan bá ọ nínú ilé náà kí o tó sanwó tán. Dúró sáàárín yàrá, pa fáànù, kí o gbójú sókè sí ibi tí àjà ti pàdé ògiri. Bí àbàwọ́n omi bá pọ́n níbẹ̀, pe àwọn tó kọ́ ọ lọ́jọ́ náà gan-an, má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà bò ó kí wọ́n sì sọ fún ọ pé ó ti tán.

O ní báńkì ni yóò san èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, pé ìwọ yóò máa san án padà fún ogún ọdún, àti pé ọwọ́ báńkì ni ìwé ilé yóò wà títí dìgbà náà. Èmi àti ìyá rẹ ti jíròrò lórí èyí. Ẹni tí ìwé ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe àlejò, a kò sì lè jẹ́ kó máa sùn ní pálọ̀. Fún un ní yàrá tó kọjú sí ọ̀nà, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì kì í fẹ́ èéfín lára aṣọ wọn, kí o sì jẹ́ kó yé e láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ọmọdébìnrin ń bẹ nínú ilé. Ní ti owó tí lọ́yà rẹ gbà láti lọ ṣe ìwádìí ilé náà ní ọ́fíìsì ilẹ̀, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹni tí mi ò mọ̀ láìdáa, ṣùgbọ́n ilé tí gbogbo wa rí, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, kí ni wọ́n tún ń wádìí nípa rẹ̀? Tíṣà Daniel tó ń gbé òdìkejì wa, tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ní Arámọkọ, ní ẹni tó ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń wádìí, bóyá ó ti tà á fún ẹlòmíràn rí, bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Mo ní ìyẹn kò gba ọ́fíìsì, kí wọ́n lọ bi àgbà tó bá jókòó sábẹ́ igi tó súnmọ́ ibẹ̀ jù, yóò sọ ọ́ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ láti orí baba ńlá wọn. Tíṣà ní àdúgbò tuntun ni, kò sí àgbà níbẹ̀, kò sì sí igi. Àánú rẹ ṣe mí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé tí lọ́yà rẹ fi ránṣẹ́. Kàsúmù ló bá wa gbà á wá láti Adó, lọ́jọ́ Sátidé tí kì í ṣe èyí tó kọjá yìí. Mo fọ ọwọ́ mi, mo wọ awò mi, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. O mọ̀ pé mo ka ilé-ẹ̀kọ́ Módà tán, kò sí Gẹ̀ẹ́sì tí lọ́yà lè kọ tí n kò ní rí ìdí rẹ̀ bí mo bá kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìlà àkọ́kọ́ ní kí n jẹ́rìí pé owó oko kòkó tí mo tà láti fi bá ọ dí owó àkọ́kọ́, ẹ̀bùn ni, pé o kò ní san án padà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìlà kejì ní kí n jẹ́rìí pé èmi Bánkọ́lé kò ní ẹ̀tọ́ kankan nínú ilé náà, n kò sì ní ní i láéláé. Ìlà kẹta ní n kò ní í lọ́kàn láti gbé inú rẹ̀. Mo bọ́ awò mi. Mo ní kí ìyá rẹ bu omi fún mi.

Fọlákẹ́mi, n kò ní purọ́ fún ọ, ìwé yẹn dùn mí dé egungun. O kò gbọ́ ìtàn àbúrò bàbá mi rí, nítorí a kì í sọ ọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, ìjà ilẹ̀ dé, bàbá àgbà sì mú kí ó tẹ̀ka sínú ìwé níwájú gbogbo ẹbí pé òun kò ní ẹ̀tọ́ kankan nínú ilé yìí mọ́. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ni wọ́n ní kó fi tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó di aṣọ rẹ̀, ó gba ọ̀nà Òkè-Igbó lọ, kò wá síbi òkú bàbá rẹ̀, àwa náà kò sì gbọ́ tirẹ̀ títí di òní. Ní ìlú yìí, bí wọ́n bá ní kí ènìyàn fọwọ́ síwèé pé òun kò ní ẹ̀tọ́ nínú ilé ẹni tirẹ̀, wọ́n ti lé e nìyẹn. Kò sí ìtumọ̀ míràn tí mo mọ̀ fún un.

Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo rántí pé nígbà tí mo wá kí ọ ní Kérésì, mo tú àga pálọ̀ rẹ palẹ̀ kí n lè tún un kàn, kò sì dúró mọ́. Mo rántí pé mo sọ fún onílé rẹ lójú rẹ̀ pé ẹni tó gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ kọ́ kò kọ́ṣẹ́ yanjú, oṣù kejì ló sì fún ọ ní ìwé pé kí o kó jáde. Mo rántí pé mo ní ọbẹ̀ rẹ ti di ọbẹ̀ àwọn ará òkè ọ̀hún. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ, ó ní mo gbàgbé ti ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa irun Ìbùkún. Mo wá fi ìwé náà sínú ìwé orin, mo sì pa á dé.

Lọ́yà rẹ pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn rẹ̀ tutù, n kò lè sọ pé ó ṣe àfojúdi. Ó ní bí ohun tó wà nínú ìwé náà kò bá yé mi, kí n lọ gba lọ́yà tèmi, tí yóò gbà mí nímọ̀ràn lọ́tọ̀. Mo ní fún ìdí wo? Ṣé èmi àti ọmọ tí mo bí ni a fẹ́ jọ dé kóòtù? Ó ní rárá, bí òfin ṣe wí ni. Nígbà tó pè lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé fóònù náà sábẹ́ ìrọ̀rí, mo sì jẹ́ kó máa gbọ̀n níbẹ̀.

Ìgbà tí o pe fóònù ìyá rẹ lọ́jọ́ Ajé ni mo tó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ìyá rẹ ní o ní bí ìwé náà kò bá dé ọwọ́ báńkì kó tó di ọjọ́ Ẹtì, owó kò ní jáde, àwọn tó kọ́ ilé náà yóò sì tà á fún ẹlòmíràn tó ti ń dúró. Ó ní ìparí oṣù yìí ni onílé rẹ fi ọ́ sí, Ìbùkún sì ti ń bèèrè bóyá kí òun kó bàtà òun sínú àpò báyìí. Lẹ́yìn tó sọ ìyẹn tán, ìyá rẹ kò bá mi sọ nǹkan kan mọ́. Ó gbé oúnjẹ ka iwájú mi, ó lọ jókòó sídìí ààrò. O mọ ìyá rẹ, bó bá ń sọ̀rọ̀, kò tíì bínú.

Mo mú ìwé náà tọ Tíṣà Daniel lọ, mo ní kó kà á fún mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ó kà á, ó sì padà tẹ̀ lé mi wálé wá ṣàlàyé rẹ̀ lójú ìyá rẹ. Ó ní Fọlákẹ́mi kọ́ ló kọ ọ́, báńkì ló ní kí wọ́n kọ ọ́. Ó ní ohun tó ń ba báńkì lẹ́rù ni pé ẹni tó fi owó ṣèrànwọ́ fún ẹni tó ń ra ilé lè padà wá lọ́jọ́ kan tí ìjà bá dé, kó ní owó òun ló wà níbẹ̀, kó sì fẹ́ gba ilé tàbí kó fẹ́ tú u pín. Mo bínú. Mo ní bàbá wo ló máa ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ọmọ rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n wo ló máa ṣe é sí àbúrò? Tíṣà tẹjú mọ́ ìwé náà, ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni. Ìyá rẹ ló dáhùn látìdí ààrò, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Orúkọ Àníkẹ́ nìkan ló pè.

Ọmọ mi, o mọ àǹtí rẹ Àníkẹ́ tó wà ní Ayétòrò gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a máa ń kí níbi òkú, tí a kì í sì í lọ sílé rẹ̀. Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi. Nígbà tí o wà ní kíláàsì kẹrin, ó fi owó epo tó ń tà kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin. Nígbà tó dé orí òrùlé, owó rẹ̀ tán. Èmi ni mo ra páànù yàrá méjì iwájú, èmi ni mo gùn ún, mo kàn án láìgba kọ́bọ̀, mo sì máa ń fi ṣe fáàrí káàkiri Ìjerò pé ẹ lọ wo ilé tí mo kàn fún àbúrò mi. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó gba ayálégbé sí yàrá iwájú kan láìsọ fún mi. Mo ní abẹ́ páànù mi ni ẹni yẹn ń sùn. Ó ní òun rò pé mo ti fún òun ni. Mo ní mo fún un, ṣùgbọ́n tèmi náà ni.

Mo gbé àkàbà àti òòlù lọ sí Ayétòrò lọ́sàn-án gangan, mo ṣí páànù yàrá méjèèjì, mo kó wọn sínú mọ́tò Kàsúmù, mo gbé wọn wálé. Àwọn aládùúgbò ń wò. Àníkẹ́ dúró nísàlẹ̀, ó káwọ́ lẹ́yìn. Kò sọkún, kò ṣépè. Nígbà tí mo ń sọ̀kalẹ̀, ó ní kí n rọra, pé ẹsẹ̀ àkàbà yẹn kò dúró dáadáa. Páànù náà ni mo fi ṣe ilé ewúrẹ́ tí o mọ̀ yẹn. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán. Yàrá iwájú rẹ̀ méjèèjì ṣì wà ní ṣíṣí títí di òní, ẹ̀yìn ló ń gbé, mo sì rí i lójú mi nígbà tí mo kọjá lọ́dún tó kọjá pé igi ìbẹ́pẹ ti hù nínú ọ̀kan, ó ti ń so.

Báńkì kò rí mi rí, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé yẹn mọ̀ mí. Ojú tì mí, Fọlákẹ́mi. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kó dùn ún kà, nítorí náà mo kọ ọ́ bó ṣe rí. Ká ní o bá mi jà lọ́jọ́ iwájú lórí ohun tí kò tó nǹkan, mo mọ ohun tí ẹnu mi ìbá sọ. Ẹ̀bùn tí mo ń fúnni, ọwọ́ mi kan máa ń wà lára rẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i lánàá. Wọ́n ní ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí, èyí tó yà mí lẹ́nu, nítorí ta ló tún mọ̀ mí bí ẹbí mi, ṣùgbọ́n Kàsúmù fọwọ́ sí i, ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ sí i kí wọ́n lè mọ̀ pé kò bá wa tan. Ibì kan wà tí wọ́n ní kí n kọ bí mo ṣe jẹ́ sí ọ. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ kò ju ìka méjì lọ. Mo kọ́kọ́ kọ bàbá, mo wò ó, kò tó. Mo wá ya ewé ìwé méjì kún un, mo kọ bí mo ṣe gbé ọ pọ̀n lọ́dún tí o ṣe èèyi dé ọsibítù Arámọkọ nígbà tí kò sí mọ́tò, àti bí o ṣe máa ń bá mi di ìṣó mú. Bí báńkì kò bá nílò rẹ̀, kí wọ́n dá a padà fún mi. Tíṣà fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, ó ní ó ti dé Àbújá, lọ́yà sì ti ní òun rí i gbà. Ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì níwájú mi bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò bá a jiyàn. Kàsúmù yóò gbé ojúlówó rẹ̀ lọ sí Adó láàárọ̀ ọ̀la, lẹ́tà yìí wà nínú rẹ̀.

Mo ní ìbéèrè kan fún lọ́yà. Ìwé náà ní n kò ní gbé inú ilé náà. Tíṣà ní ìyẹn kò ní kí n má wá kí yín. Bá mi bi í bóyá ọjọ́ mẹ́ta ti pọ̀ jù, kí n má lọ ba ọ̀rọ̀ rẹ jẹ́ lọ́dọ̀ báńkì.

Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan, owó ni. Kì í ṣe ìsinsìnyí tí gbogbo ara rẹ ń sanwó, bí o bá ti wọlé tán, tí ọkàn rẹ sì ti balẹ̀. Mo fẹ́ kí o bá mi ra páànù tó tó yàrá méjì, pẹ̀lú ìṣó. Oko kòkó ti lọ, n kò ní ibòmíràn tí n óò ti rí i. Bí o kò bá rí i ṣe, n kò ní bínú, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé o kò ṣe é. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́ ti gbà láti kàn án, èmi yóò jókòó sísàlẹ̀. Kó má baà sí àṣìṣe, mo ti da ìwé lọ́yà rẹ kọ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo yọ orúkọ rẹ kúrò, mo fi ti Àníkẹ́ sí i: èmi Bánkọ́lé jẹ́rìí pé ẹ̀bùn ni páànù yìí, n kò ní ẹ̀tọ́ kankan nínú ilé náà, n kò sì ní ní i láéláé. Mo fọwọ́ sí i. Kàsúmù fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo kà á sókè fún ìyá rẹ, ó gbé ẹran sínú ọbẹ̀ mi, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ Ajé.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ ire wọ ilé náà. O kò ní bá omijé pàdé nínú rẹ̀. Òjò kò ní jò bá ọ, Ìbùkún yóò dàgbà níbẹ̀, yóò mọ igun ilé náà lójú òkùnkùn. Ẹnikẹ́ni kò ní fi ìwé lé ọ jáde mọ́. Ilé rẹ ni, ìwọ nìkan ló ni ín, mo ti fọwọ́ sí i, mo sì mọ ohun tí mo fọwọ́ sí. Lọ́jọ́ tí mo bá wá, tí mo bá dé ẹnu ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé yẹn, èmi bàbá rẹ yóò kanlẹ̀kùn, n óò sì dúró títí o ó fi ní kí n wọlé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bánkọ́lé.